Ọ̀nà Bíríkì Tó Wọ Ọgbà Ìyá Xiaohe

Kòkò kábéèjì kíkan ni Ìyá Xiaohe ń lọ ṣí lọ́jọ́ tó ṣubú. Ó ku díẹ̀ kí ọdún tuntun wọlé, yìnyín ti dì gbagidi lẹ́nu ọ̀nà wọn, ó sì fẹ́ yára bu kábéèjì díẹ̀ wá fi se ọbẹ̀ ọ̀sán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Èmi ń gbọn yìnyín kúrò lórí igi ìdáná lódìkejì ògiri, mo gbọ́ bó ṣe lulẹ̀, mo sì gbọ́ igbe kan tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi níyàwó wá sí abúlé yìí.

Egungun ìbàdí ló ṣẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n là á, wọ́n fi irin sí i, wọ́n sì rán an padà. Dókítà ní kó má dùbúlẹ̀ pẹ́ o, pé kó máa dìde lójoojúmọ́, kó máa fi irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n fún un kọ́ ìrìn. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan. Bó ṣe fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ báyìí, ó pariwo, ó jókòó padà, kò sì dìde mọ́. Ọdún tuntun dé, ó lọ, Ìyá Xiaohe wà lórí kang, pẹpẹ bíríkì gbígbóná tí gbogbo wa ń sùn lé níbí. Ó kọjú sí ògiri, ó kẹ̀yìn sí fèrèsé.

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti burú. Yurong lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ni, ọwọ́ rẹ̀ sì tún yá ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ọgbà ẹ̀fọ́ tó wà níwájú ilé wọn kò tóbi, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí yìnyín bá ti yọ́ títí tí òmíràn á fi bọ̀, kò sọ́jọ́ kan tí kì í rí nǹkan tútù já níbẹ̀. Bí ó bá rí i pé ẹ̀fọ́ tèmi ń rọ, á gun àpótí, á nawọ́ kọjá ògiri, á fa èpò mi tu láìbéèrè, á sì máa bú mi bó ṣe ń tu ú.

Ọkọ rẹ̀ ni Guan Baolin, Bàbá Xiaohe. Awakọ̀ ọkọ̀ ojú irin tó ń kó èédú ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ó mọ ọkọ̀ ojú irin, ó sì mọ káàdì í ta. Ọgbà, kò mọ̀ ọ́n rárá. Bí oòrùn bá ti yọ, ìdí káàdì ló ń gbà lọ, bí oúnjẹ bá sì jinná, á wálé.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Xiaohe, ó ń gbé ní Dalian létí òkun. Ó máa ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n wá kó ẹ̀yin àti Bàbá. Ilé mi gbóná, ẹ̀rọ ló ń gbéni lọ sókè, kò sí yìnyín lẹ́nu ọ̀nà." Tẹ́lẹ̀, bó bá sọ bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ á bú u títí fóònù á fi gbóná. Ṣùgbọ́n ní ìparí ìgbà òtútù yẹn, Bàbá Xiaohe wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ojú rẹ̀ ti ràn.

"Ìyá Dapeng," ó pè mí, "ó ní ó dáa."

"Kí ló dáa?"

"Dalian. Kò bú ọmọ náà, kò jiyàn. Ó ní kó wá kó wa nígbà tó bá wálé wá tún ibojì àwọn àgbà ṣe ní ìgbà ìrúwé. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n bi pé ṣé kí wọ́n pa iná."

Mo ní, "Ṣé ẹ̀yin ò fẹ́ lọ ni?"

"Èmi? Èmi lè gbé ibi tí wọ́n bá gbé mi sí. Òun ni kò lè gbé ibẹ̀. Ìgbà kan tó lọ, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì ṣú tó fi ń wá bàtà rẹ̀ pé òun ń lọ sílé lọ wo ẹ̀fọ́ jiucai òun. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá ní ó dáa, ó ti jọ̀wọ́ ara rẹ̀ nìyẹn." Ó wo ọgbà náà, níbi tí ẹrẹ̀ àti yìnyín tó ti dọ̀tí ti dàpọ̀. "Mi ò ní gbà," ó wí. Kò sọ fún mi ohun tí kò ní gbà. Ó wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo gbọ́ gbàgà, gbàgà, gbàgà. Mo yọrí lókè ògiri. Bàbá Xiaohe ló dúró láàrin ọgbà, ó wọ ẹ̀wù òtútù tó ń wọ̀ ṣiṣẹ́ nígbà kan, ó ń fi ṣọ́bìrì gún ilẹ̀. Òkè ilẹ̀ ti rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì le bí òkúta. Bí ṣọ́bìrì ti ń kàn án ló ń ta padà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o!" mo kígbe. "Ṣé kànga lẹ fẹ́ gbẹ́ síbẹ̀ ni?"

"Ìwọ máa rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ gbin nǹkan."

"Kí lẹ fẹ́ gbìn?"

Ó ronú díẹ̀. "Ohun tí wọ́n máa ń gbìn."

Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àpótí. Ó ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó gbé réèkì onírin, ó lọ sábẹ́ fèrèsé níbi tí jiucai wà. Ewé tẹ́ẹ́rẹ́ ni jiucai, òórùn rẹ̀ dà bíi ti àlùbọ́sà, kò sì sí òtútù tó lè pa á. Ewé rẹ̀ á gbẹ dànù, gbòǹgbò rẹ̀ á sùn, bí ìgbà ìrúwé bá sì dé, òun ni yóò kọ́kọ́ jí. Ìyá Xiaohe ti fi koríko gbígbẹ àti ajílẹ̀ bò ó kó tó ṣubú. Ni Bàbá Xiaohe bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi réèkì wọ́ ọ, kìrìrì, kìrìrì, bí ẹni tó ń wọ́ èédú.

Ìgbà náà la gbọ́ kò-kò-kò lára gíláàsì fèrèsé.

"Kí lẹ ń fi irin ṣe lórí jiucai mi!"

Bàbá Xiaohe dúró gbagidi. Ó ti pẹ́ tí ohùn yẹn ti jáde kẹ́yìn.

"Mo... mò ń gbá a ni," ó wí.

"Ẹ̀ ń gbá a? Ṣé ojúde lẹ pè é ni? Orí wọn ti ń yọ lábẹ́ ibẹ̀, ẹ ti ń bẹ́ wọn lórí! Ẹ fọwọ́ kó koríko yẹn! Ọwọ́! Àbí ẹ ti gbàgbé ọwọ́ yín sídìí káàdì?"

Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ó ń fọwọ́ ṣí koríko náà díẹ̀díẹ̀. Lójijì ó kígbe, "Wọ́n wà níbí o! Wọ́n pọ̀! Àmọ́ wọ́n pupa."

"Bí wọ́n ṣe ń rí nìyẹn tí wọ́n bá kọ́kọ́ yọ. Ẹ má fọwọ́ tẹ̀ wọ́n."

Mo wo fèrèsé. Ìyá Xiaohe ti yíjú kúrò lára ògiri. Irun rẹ̀ rí wúruwùru, ó ti rù, ó fi ìgúnpá kan ti ara rẹ̀ sókè, ojú rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ gíláàsì.

Láti ọjọ́ náà lọ, Bàbá Xiaohe kò lọ sídìí káàdì mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá pè é lẹ́nu ọ̀nà, "Baolin, a ti pín in, ọwọ́ rẹ là ń dúró dè!" Á ní, "Ẹ pín in láìsí mi." Wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ ti sọ ọ́ di ìránṣẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣí fèrèsé díẹ̀ kí ohùn lè máa jáde, ohùn náà sì ń jáde dáadáa. Ní àárọ̀ títí di ọ̀sán, ohun tí mò ń gbọ́ kò ju "Kì í ṣe ibẹ̀ yẹn!" àti "Ẹ rọra!" lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ yọ́ délẹ̀ dáadáa, ó kọ ebè, ó fọ́n irúgbìn létúùsì sí i. Ó tẹ ọparun kọdọrọ lórí jiucai, ó sì ta ọ̀rá lé e kó lè móoru. Ọjọ́ tó ń ta ọ̀rá yẹn, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà.

"Ẹ kó iyẹ̀pẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ti ń wá."

"Níbo ló ti ń wá?"

"Bàbá Xiaohe! Gbogbo ọjọ́ ayé yín lẹ fi yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀, ẹ ò mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń wá?"

"Nínú ọkọ̀, iwájú ló ti ń wá."

Mo gbọ́ ìró kan láti inú ilé tó jọ ẹ̀rín, ṣùgbọ́n mi ò lè búra.

Síbẹ̀ kò dìde. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin náà wà ní igun ilé, wọ́n ti fi kọ́ aṣọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo gbé ẹyin díẹ̀ lọ fún wọn, mo bá Bàbá Xiaohe tó gbé tíì síwájú ìyàwó rẹ̀.

"Jiucai ti ga tó ìka," ó wí. "Dìde wá wò ó."

"Mò ń wò ó láti ibí."

"Dìde, Ìyá Xiaohe."

"Mo ní mò ń wò ó láti ibí!"

Ó jókòó sí etí kang. Ó sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò jọ pé ó ń bínú. "Gbọ́ mi. Bí o bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn dé ìdí jiucai yẹn kí Xiaohe tó dé, tí o sì fi ọwọ́ ara rẹ gé e, a ò lọ sí Dalian. Èmi ni n ó sọ fún ọmọ náà, kì í ṣe ìwọ. Bí o kò bá rìn, èmi náà ni n ó di ẹrù wa."

"Ṣé ọmọdé ni mí tí ẹ fi ń fi ẹ̀fọ́ tàn mí?"

"Kí ló dé tí o kò fẹ́ dìde nígbà náà?"

Mo fẹ́ jáde fún wọn, ṣùgbọ́n Ìyá Xiaohe nawọ́ sí mi pé kí n jókòó. Ó wo inú ife tíì rẹ̀ títí.

"Mo gbọ́ ọ nígbà tó ṣẹ́," ó wí níkẹyìn. "Ó dún bí igi gbígbẹ. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ fẹsẹ̀ kalẹ̀, ó tún ń dún sí mi létí. Ẹ wo ilẹ̀ àgbàlá yẹn, ó ga níbí, ó jìn lọ́hùn-ún. Kí n tún lọ ṣubú síbẹ̀? Mi ò lè gbọ́ ìró yẹn lẹ́ẹ̀kejì."

Bàbá Xiaohe dìde, ó jáde. Mo rò pé inú ló ń bí i. Mo bá ìyàwó rẹ̀ ya irun rẹ̀, mo sì dì í fún un.

Kò pẹ́ tí mo padà délé tí mo gbọ́ tí nǹkan ń wó lẹ́yìn ilé wọn. Ilé ẹlẹ́dẹ̀ àtijọ́ ló ń wó. Ó ti pẹ́ tí wọn kò ti sin ẹlẹ́dẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bíríkì rẹ̀ ṣì dára. Ó ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ha sìmẹ́ńtì ara wọn dànù, ó ń fi bárò kó wọn wá síwájú. Ó gbẹ́ ilẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé títí dé ìdí jiucai, ó da iyanrìn sí i, ó fẹsẹ̀ kì í mọ́lẹ̀, ó wá ń to bíríkì lé e. Ó na okùn kó lè tọ́. Bó bá to díẹ̀, á gbé abọ́ omi lé e, á dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, á di ojú kan, á máa wò bóyá omi náà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bó bá tẹ̀, á hú u, á tún un tò.

"Bàbá Xiaohe, ó ti dáa bẹ́ẹ̀," mo wí fún un. "Ta ló máa rí irú ìyẹn?"

"Ẹni tí ẹ̀rù ń bà á á rí i," ó ní. "Ẹ̀rù kì í fojú fo nǹkan."

Ọwọ́ rẹ̀ bó, ó ṣẹ̀jẹ̀. Mo fún un ní òróró kó fi pa á, ó fi aṣọ dì í, ó tún padà sídìí bíríkì. Nígbà tó to bíríkì tán, ó gé igi pópúlà gbọọrọ, ó ri àwọn òpó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà lọ́tùn-ún lósì, ó sì kan igi mọ́ wọn kí èèyàn lè máa dì í mú lọ. Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó láti ojú fèrèsé ní gbogbo ìgbà yẹn, kò sì sọ nǹkan kan, èyí tó yà mí lẹ́nu jù. Ìgbà tó kan ìṣó ìkẹyìn ló tó la ẹnu.

"Kí nìyẹn?"

"Ojú irin ni."

"Ọkọ̀ wo ló fẹ́ gba ibẹ̀?"

"Ọ̀kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n tí fèrè rẹ̀ kò sinmi."

Ìyá Xiaohe rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín gan-an lọ́tẹ̀ yìí, ó ń fi ọwọ́ gbá kang, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó ní, "Ẹ kó aṣọ kúrò lórí irin yẹn, kí ẹ gbé e wá."

Ó dé ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó lóòógùn bí ẹni tí òjò pa, ó jókòó lórí àga tí ọkọ rẹ̀ gbé tẹ̀lé e. Ọjọ́ kejì, ó tẹ bíríkì tó wà níwájú pátápátá, ó dúró lórí rẹ̀, ó padà. Ọjọ́ tó tẹ̀lé e, ó dúró síbẹ̀ náà, kò kọjá rẹ̀. Ọjọ́ kẹrin ńkọ́? Ibẹ̀ náà ni. Ọkọ rẹ̀ kò ti í, kò sì bẹ̀ ẹ́. Á máa roko tirẹ̀ lọ, bí ẹni tí kò rí i.

Ó wá kan àjàrà. Níbí, a kì í jẹ́ kí àjàrà dúró síta nígbà òtútù. A máa ń tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, a ó sì fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Bí ìgbà ìrúwé bá dé, a ó hú u jáde, a ó so ó mọ́ orí igi kí ara rẹ̀ tó le. Ẹ̀ka ńlá méjì ni ti àwọn Ìyá Xiaohe ní, ó ti gbó, ó nípọn bí ọrùn ọwọ́. Bàbá Xiaohe fi ṣọ́bìrì wà á. Mo gbọ́ káà! Lẹ́yìn náà ni mo rí i tó ń lọ sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìyàwó rẹ̀ dúró sí pẹ̀lú irin rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ tó fọ́ abọ́.

"Ìyá Xiaohe, mo ṣẹ́ ẹ."

"Kí lẹ ṣẹ́?"

Ó gbé ẹ̀ka náà jáde. Ìyá Xiaohe wò ó. Mo rò pé orí kang ló máa padà sí yẹn, tí á sì tún kọjú sí ògiri.

"Ìkejì ńkọ́?" ó bi í.

"Ó wà níbẹ̀."

"Ẹ mú ayùn, kí ẹ gé ibi tó ti ṣẹ́ kó mọ́, kó má baà ya wọnú. Ìkejì, ẹ fọwọ́ hú u. Ẹ má fi irin kàn án mọ́." Ó wo ìdí àjàrà náà. "Kò ní kú. Ìdí rẹ̀ ti rinlẹ̀."

Ó hú u, ó so ó, kò sì ṣẹ́.

Ojú ọjọ́ wá móoru lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn ènìyàn bọ́ ẹ̀wù òtútù. Létúùsì yọ, ó tò lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí ebè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà rẹ̀ wọ́ bí ọ̀nà ejò. Bàbá Xiaohe wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú lọ ra irúgbìn ẹ̀wà àti wáyà. Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn abúlé bẹ̀rẹ̀ sí ké pé òtútù ń padà bọ̀ láti àríwá, pé kí olúkúlùkù bo ohun tó bá ti gbìn. Èmi ń po ìyẹ̀fun lọ́wọ́. Kí n tó fọwọ́ tán, atẹ́gùn ti dé, ó ń fẹ́ eruku, ó ń gbá ilẹ̀kùn. Mo wo ìta. Ọ̀rá tó wà lórí jiucai ti tú ní ìpẹ̀kun kan, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí aṣọ tí wọ́n sá.

Mo wá rí Ìyá Xiaohe.

Ó ti kọjá bíríkì àkọ́kọ́. Ó ti fi irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ kan di igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà mú, ó fi ìkejì di kúbùsù orí kang mọ́ àyà. Atẹ́gùn ń fẹ́ irun rẹ̀ sójú. Á gbé ẹsẹ̀ kan, á dúró, á mí, á tún fa ìkejì tẹ̀lé e. Mo sáré gba ẹnu ọ̀nà wọn wọlé, ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ mi títí dé ìgúnpá.

"Ẹ dúró! Mò ń bọ̀!"

"Má fọwọ́ kàn mí!" ó jágbe mọ́ mi. "Ọ̀rá yẹn ni kí o dì mú!"

Mo di ọ̀rá mú. Ó ń já mọ́ mi lọ́wọ́. Mi ò lè fi í sílẹ̀ lọ gbé bíríkì, bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè dá a tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá Xiaohe ń bọ̀, ó ń bọ̀, ètè rẹ̀ ti funfun. Ó dé òpin ọ̀nà. Ó wo ọ̀rá, ó wò mí, ó ju kúbùsù sí mi léjìká, ó fi ọwọ́ méjèèjì di òpó ìkẹyìn mú, ó sì rọra sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ sórí garawa kan tí ọkọ rẹ̀ dojú rẹ̀ bolẹ̀ síbẹ̀. Ó wá fi bàtà rẹ̀ méjèèjì tẹ etí ọ̀rá náà mọ́lẹ̀.

"Ó ti wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi," ó wí. "Kò lè lọ mọ́. Lọ fi kúbùsù yẹn wé àjàrà."

"Kúbùsù yín? Kí lẹ máa fi bora?"

"Lọ wé e, Ìyá Dapeng!"

Mo wé e, mo fi okùn dì í. Mo kó bíríkì lé ọ̀rá yíká. Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ rẹ̀ pé kí n gbé e wọlé, a gbìyànjú, kò ṣeé ṣe. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ganpa, èmi náà kò sì lágbára tó. Mo bọ́ ẹ̀wù mi, mo fi bò ó, mo jókòó tì í nílẹ̀. Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Mo bi í pé ṣé ó gbọ́ ìró yẹn, èyí tó ń dẹ́rù bà á.

Ó ní, "Atẹ́gùn pọ̀ jù. Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ bá wa nígbà tí ọkọ̀ já a sílẹ̀. Ó ṣí géètì, ó dúró, àpò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Kí lẹ ń wò?" Ìyá Xiaohe pariwo. "Ṣé ẹ ò rí obìnrin rí ni? Ẹ wá gbé mi, ìdí mi ti fẹ́ dì mọ́ garawa!"

Ó ju àpò sílẹ̀, irúgbìn ẹ̀wà fọ́n ká. Ó gbé e. Mo rí i pé ó ń sunkún, ṣùgbọ́n ó ní eruku ló wọ òun lójú, a sì gbà bẹ́ẹ̀.

Òtútù náà pa èyí tó pọ̀ jù nínú létúùsì. Kò rí jiucai mú. Àjàrà náà yè, àwọn ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ìyá Xiaohe wúkọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ó sì ń rìn ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ń wúkọ́, ó ń rìn, ó ń bú ọkọ rẹ̀.

Nígbà tí Xiaohe wọlé pẹ̀lú báàgì òfìfo ńlá méjì tó fẹ́ fi kó ẹrù wọn, ìyá rẹ̀ wà lórí àpótí kékeré nídìí jiucai, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti gé ẹ̀kún agbọ̀n kan. Ọmọ náà dúró wò ó. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣèlérí.

"Xiaohe, a ò lọ mọ́."

"Bàbá, kí lẹ ń sọ? Mo ti tún yàrá ṣe. Mo ti gba àyè níbi iṣẹ́."

"Mo mọ̀. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti ìyá rẹ. A ò lọ."

Wọ́n jiyàn. Xiaohe kì í ṣe ọmọ burúkú, ẹ̀rù ló ń bà á. Ó bá mi nídìí ààrò, ó ń sunkún, ó ní, "Àǹtí, bí fóònù bá ti dún báyìí, ọkàn mi á já. Bí wọ́n bá tún ṣubú ńkọ́?" Mo ní kó lọ bi ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó lọ bi í.

"Bí mo bá ṣubú," ìyá rẹ̀ dá a lóhùn, ó ń ṣa jiucai lọ, "wọ́n á tún fi irin sí i. Ilẹ̀ Dalian yín, ṣé òwú ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀?"

"Màmá!"

"Ó dáa, gbọ́. Mo ti rò ó. Yìnyín ló gbé mi ṣubú, mi ò ní bá yìnyín jà mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti dì, wá kó wa. A ó bá ọ gbé títí yìnyín á fi yọ́, n ó máa jókòó sínú ilé rẹ gbígbóná, n ó máa ṣàròyé. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti yọ́, o ò gbọ́dọ̀ dá mi dúró fún ọjọ́ kan ṣoṣo."

Xiaohe wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ gbé èjìká sókè. Ó wo ọ̀nà bíríkì náà, ó rìn ín lọ, ó rìn ín bọ̀, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó mi àwọn igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá wọ́n á yẹ̀. Wọn kò yẹ̀.

"Ẹ lọ fi kún un títí dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀," ó wí fún bàbá rẹ̀. Báyìí ló ṣe gbà.

A po ìyẹ̀fun, a rọ́ ẹyin àti jiucai sínú rẹ̀, a pa ẹnu rẹ̀ dé, a dín in nínú páànù, gbogbo wa jẹ ẹ́ gbígbóná lójú kan náà tí ó ti ń jáde nínú iná. Xiaohe jẹ púpọ̀ ju bàbá rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì wọ́n lọ tún ibojì àwọn àgbà ṣe. Ìyá Xiaohe kò lè gun òkè náà, ó dúró dè wọ́n nísàlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá.

Nígbà tí ọmọ wọn ti padà, wọ́n tún létúùsì gbìn. Lọ́tẹ̀ yìí ìyàwó jókòó sí orí ebè kan, ọkọ kúnlẹ̀ sí ìkejì. Mo gbọ́ tí ọkọ ń bèèrè pé ibo ni kí òun gbin ìkàn sí. Ìyàwó ní ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ọkọ ní oòrùn kò tó níbẹ̀, òun ti ń wò ó láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyàwó gbójú sókè wo ibi tí òjìji ògiri dé, ó wò ó dáadáa.

"Ẹ gbìn ín síbi tí ẹ wí," ó ní. "Àmọ́ bí kò bá so, ẹ̀yin lẹ máa jẹ ewé rẹ̀."